Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tó Ń Bẹ̀rù Ọ̀gá

Ẹni tó bá ń kánjú kó máa lọ o, torí ọ̀rọ̀ ìlọ́ra ni mo fẹ́ sọ, n kò sì ní í fi ìkánjú sọ ọ́. Ẹni tó bá láyè kó sún mọ́bí.

Ọ́fíìsì kan wà tí wọ́n ti ń gba ìwé-ẹ̀rí ìbí. Nísàlẹ̀, kántà gígùn kan wà tí òṣìṣẹ́ mẹ́fà ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀, àga onírin ló sì wà níwájú fún àwọn tó wá gbàwé. Àwọn ìyá ọmọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Lókè, yàrá kan ṣoṣo ló ní kápẹ́ẹ̀tì pupa. Ẹ ò nílò kí n sọ ẹni tó ni yàrá náà fún yín.

Ìwé tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀ pè é ní Ọ̀gá Àgbà. Ó ní ìyẹn kéré. Ó ní ta ni kò lè di àgbà, ṣebí kéèyàn ṣáà má kú ni? Bó ṣe sọ ara rẹ̀ di Ọ̀gá Pátápátá nìyẹn. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ní lẹ́tà gàdàgbà-gadagba, àmọ́ ilẹ̀kùn kò gbà á tán, wọ́n bá kọ ìyókù sára ògiri. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn náà, Ọ̀gá Pátá ni àlejò máa ń kà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n ti gbé ẹnì kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ẹ̀rín yẹn.

Aago mẹ́wàá ni ọkọ̀ rẹ̀ máa ń dé. Igbákejì rẹ̀, ẹni tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà, á ti to àwọn olórí ẹ̀ka sórí àtẹ̀gùn. Ẹni àkọ́kọ́ á gba báàgì, ẹnì kejì á gba fìlà, ẹnì kẹta á gba àpò awò ojú. Ẹnì kẹrin tí kò rí nǹkan kan gbà, á gba báàgì lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, kó má baà dà bí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n á wá gòkè pẹ̀lú rẹ̀ láti lọ jí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn ni wọ́n fún un, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ di ọ̀gá níbì kan, àtìgbà náà ló ti ń gbé e ká láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ti gbogbo èèyàn sí tuntun, ó ní tuntun wà fún àwọn ọmọdé. Òfin rẹ̀ sì le lórí ẹ̀rọ náà. A kò gbọdọ̀ tàn án kí Ọ̀gá Pátápátá tó jókòó, bó bá sì ti dìde, àfi kí a pa á kíá. Bẹ́ẹ̀ni-Sà nìkan ló lè tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, lórí ìdúró. Ẹnikẹ́ni mìíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà rẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín. Ìwé tó ń jáde ní ìṣẹ́jú méjì tẹ́lẹ̀ di ohun tí èèyàn ń dúró dè fún wákàtí kan. Àwọn ìyá ń sọ lórí àga onírin pé ọmọ tí àwọn pọ̀n wá, kó tó rí ìwé gbà, á ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn relé. Ọ̀gá Pátápátá gbọ́, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó sì fi wákàtí méjì gbáko sọ̀rọ̀ nípa ìyára.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ló wí, “kí ni ìyára? Ìyára ni ìgbà tí nǹkan kò bá lọ́ra. Kí sì ni ìlọ́ra? Ìlọ́ra ni ìgbà tí ìyára kò bá sí nílé. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti rí ìyára rí, mo ti rí ìlọ́ra rí, mo sì ti ṣe ọ̀gá àwọn méjèèjì.”

Bẹ́ẹ̀ni-Sà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi áńkáṣíìfù nu ojú.

Lẹ́yìn èyí ni àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọ̀gá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa rọra tẹ lẹ́tà, nítorí bí wọ́n ṣe ń gbá a ló ń rẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ní kí àwọn tí orúkọ wọn bá gùn máa wá ní ọjọ́ Túsìdeè nìkan, nítorí orúkọ gígùn wúwo fún wáyà. Ó yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mọ́kànlá kí wọ́n wádìí ìlọ́ra, ìgbìmọ̀ náà sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ẹni tó máa jókòó sítòsí fáànù. Àṣẹ kan ṣoṣo tó ní làákàyè nínú gbogbo wọn, àṣìṣe ni. Ó ní kí òṣìṣẹ́ àgbà tó wà ní kántà, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olójú-Gíláàsì, máa kọ iye ìwé tó bá jáde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ńlá kan. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni Ọ̀gá ń fọwọ́ sí i. Kì í kà á. Ìfọwọ́sí rẹ̀ nìkan ló máa ń wò, bóyá ó gùn dé etí ìwé.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wá kì mọ́lẹ̀ ni Ìyá Wáyà. Òun nìkan ló ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe nínú ilé náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó máa ń gbé àpò kan kọ́ èjìká tí wáyà ń yọ jáde lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti ṣe gbogbo ohun tí iṣẹ́ sọ pé kó ṣe. Ó wo wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bóyá eku ti jẹ ẹ́. Eku kò jẹ ẹ́. Ó pààrọ̀ súwíìṣì, ìyẹn àpótí tí gbogbo wáyà ilé náà ti ń pàdé. Kò yí padà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, á yọ ọ̀kan, á dúró, á wo bóyá ìwé ń jáde, á sì dá a padà. Wáyà mẹ́rìnlélógún ló wà. Ó yọ mẹ́tàlélógún, ìlọ́ra ṣì ń bẹ níbẹ̀ digbí. Ó wá ku ẹyọ kan, èyí tó gòkè lọ sí yàrá kápẹ́ẹ̀tì pupa. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti fi àgò irin kékeré bo ẹnu ibi tí ìyẹn ti wọ súwíìṣì, ó ti àgadágodo mọ́ ọn, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn.

Ìyá Wáyà mọ ohun tó ń ṣe é. Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, káàdì kan wà tó fi ń bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀. Bí káàdì bá ń ṣàìsàn, nígbà mìíràn á dákẹ́, ẹni tó ni ín nìkan ni yóò sì jìyà rẹ̀. Àmọ́ òmíràn wà tó jẹ́ pé ńṣe ni yóò máa rojọ́ ṣáá, ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí, tí kò ní í dákẹ́ kí ẹlòmíràn gbin. Ẹ ti lọ sí ìpàdé ẹbí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Káàdì ọdún mẹ́tàdínlógún yẹn ló ń rojọ́. Káàdì tuntun wà nínú àpò Ìyá Wáyà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló sì máa fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ó tọ Bẹ́ẹ̀ni-Sà lọ. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ní kó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, kó sì fi í ránṣẹ́ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí kọ̀ǹpútà Ọ̀gá, torí Ọ̀gá kì í gba lẹ́tà tó bá wá lórí ìwé. Mọ́ńdè ló fi í ránṣẹ́. Títí di Túsìdeè, lẹ́tà náà ṣì wà lójú ọ̀nà. Lẹ́tà tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe, ọ̀nà ni kò jẹ́ kó dé.

Ọjọ́ Túsìdeè yẹn náà ni wọ́n pè é lọ sókè. Ọ̀gá Pátápátá sọ fún un pé Alábòójútó Àgbà ń bọ̀ láti olú-iléeṣẹ́ ní Tọ́sìdeè. Ó ní bí ìlọ́ra bá ṣì wà lọ́jọ́ náà, òun yóò gbé e lọ sí ẹ̀ka tó wà lódìkejì odò, níbi tí ọkọ̀ kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀.

Kì í ṣe odò ló ń ba Ìyá Wáyà lẹ́rù. Bàbá rẹ̀ ló wà nílé, bàbá arúgbó tó ti ranṣọ títí ojú fi ń di bàìbàì, tó jẹ́ pé bí wọn kò bá kán oògùn sí i lójú láàárọ̀ àti lálẹ́, dókítà ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù yẹn á lọ. Òun nìkan ló ń kán an fún un. Kò sí dókítà lódìkejì odò, kò sì sí ẹlòmíràn nílé.

“Sà,” ló wí, “káàdì kan ló bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni màá fi pààrọ̀ ẹ̀.”

Àwọn olórí ẹ̀ka ń wo bàtà wọn. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ló kọ́kọ́ gbẹnu sọ̀rọ̀. Ó ní báwo ni nǹkan Ọ̀gá Pátápátá ṣe lè bàjẹ́? Ó ní òun ti ń ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí òun sọ ọ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Bẹ́ ẹ bá ti wọlé, sà, á lọ́ra. Bẹ́ ẹ bá ti jáde, á yára. Ẹ̀rù yín ló ń bà á, sà. Ńṣe ló ń gbọ̀n.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ẹni tó bá gbọ́n á rẹ́rìn-ín síyẹn, á sì ní kí wọ́n pààrọ̀ káàdì. Ọ̀gá Pátápátá dìde, ó lọ síwájú dígí, ó wo ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Mo ti ń fura,” ló wí.

Bó ṣe di òótọ́ nìyẹn. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìsọfúnni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì pàápàá ń bọ̀wọ̀ fún Ọ̀gá, ìwọ ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá dé ní aago mẹ́jọ, kò sì jáde lọ jẹun, kí ọ̀wọ̀ náà lè pé ọjọ́ kan gbáko. Ìlà àwọn ìyá ọmọ gùn dé ẹ̀yìn géètì. Síbẹ̀ kò fagi lé àṣẹ tó pa fún Ìyá Wáyà o. Ó ní ọ̀wọ̀ dára, àmọ́ ẹni tó ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló yẹ kó ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ lọ.

Nígbà tí Ìyá Wáyà délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kán oògùn sí bàbá rẹ̀ lójú, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un. Bàbá nu omi tó ṣẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní nígbà tí òun ń ranṣọ, oníbàárà tí ikùn rẹ̀ bá tóbi, téèpù ló máa ń bú. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà bàbá béèrè pé ṣé ọ̀la gan-an ni Tọ́sìdeè. Ọmọ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bi í ní nǹkan mìíràn mọ́, Ìyá Wáyà kò sì rí oorun sùn dáadáa.

Alábòójútó Àgbà dé ní aago mọ́kànlá. Ọ̀gá Pátápátá ti sọ̀kalẹ̀ wá dúró dè é, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó ní kí wọ́n má pa kọ̀ǹpútà òun, kí àlejò lè bá a ní títàn. Obìnrin kékeré kan ni, bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀, ó sì gbé báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀ dání. Olórí ẹ̀ka mẹ́rin ló nawọ́ láti gbà á, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kò sì fún wọn. Ọ̀gá Pátápátá kí i káàbọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó gùn ju ìlà tó wà níta lọ. Alábòójútó ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó wà lórí àga. Nígbà tí Ọ̀gá mí díẹ̀, Alábòójútó fi pẹ̀lẹ́ béèrè pé kí ló dé tí ìwé kò jáde.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọ̀wọ̀ ni. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kò lè dá ara rẹ̀ dúró bí òun bá wà nítòsí, ẹ̀rí sì wà lákọsílẹ̀, òun fúnra òun ló fọwọ́ sí i. Ó pàṣẹ pé kí Olójú-Gíláàsì ka ìwé ńlá náà sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́.

Olójú-Gíláàsì tún awò rẹ̀ ṣe, ó sì kà á. Ọjọ́ Fúráìdeè tó kọjá, Ọ̀gá kò wá: igba ìwé ó lé méjìlá. Àná, Ọ̀gá wà níbí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́: mọ́kàndínlógún.

“Ẹ ò rí i?” ni Ọ̀gá wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ kí wọ́n tún un kà.

Ìyá kan lórí àga onírin ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ṣé Ọ̀gá kò lè lọ gbatẹ́gùn díẹ̀. Alábòójútó kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé ta ló ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyá Wáyà jáde síwájú. Ó ní káàdì kan ló bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ tó wà lókè, ó ń rojọ́ láìdákẹ́, kò jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ yòókù sọ̀rọ̀. Alábòójútó ní kó fi hàn òun. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn Bẹ́ẹ̀ni-Sà, Ìyá Wáyà ṣí àgò irin náà, ó sì yọ wáyà kẹrìnlélógún.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní kántà tẹ ìwé kan. Ó tẹ òmíràn. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìwé jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ń pe orúkọ, àwọn ìyá ń dìde. Ọ̀gá Pátápátá sì nìyí, ó dúró gbagidi láàárín wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tilẹ̀ bojú wò ó.

Ẹ̀tẹ́ bá a. Ó ní kò rí òun ni. Ó ní wáyà yẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń rí òun, bí wọ́n ṣe yọ ọ́, kò mọ̀ pé òun ṣì wà nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn.

Alábòójútó Àgbà jókòó sórí àga onírin, láàárín àwọn ìyá ọmọ, ó sì mú ìwé kan jáde.

“Ẹ jẹ́ ká fẹ̀sọ̀ ṣe é,” ló wí. “Bó bá jẹ́ káàdì ni, kò sẹ́ni tírú ẹ̀ ò lè ṣe. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀, ọ̀rọ̀ tán, màá sì máa lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i.”

Ìyá Wáyà wo ọkùnrin náà, ọkùnrin tó fẹ́ gbé e jìnnà sí ojú bàbá rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é lójijì, àánú tí kò retí.

“Sà, káàdì ni,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ káàdì.”

Ọ̀gá Pátápátá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní ṣé káàdì tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fẹ́ fi òun wé. Ó gba bírò, ó kọ ọ́ pé òun, Ọ̀gá Pátápátá, kì í ṣe káàdì kankan, ni okùnfà ìlọ́ra ọ́fíìsì yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nípa títóbi òun. Ó fọwọ́ sí i láti etí ìwé kan dé èkejì.

Alábòójútó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ká a sínú báàgì. Ó ní òun dúpẹ́. Ó ní ohun tí wọ́n rán òun wá ṣe ni kí òun wá okùnfà ìlọ́ra, kí òun sì mú un kúrò. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, Ọ̀gá kì í ṣe ọ̀gá ibẹ̀ mọ́, kó lọ kó ẹrù rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

Ọ̀gá gòkè lọ kó ẹrù. Ìyá Wáyà tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpò rẹ̀, torí iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Bí ọkùnrin náà ṣe ń já dígí sílẹ̀ lára ògiri, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ń tú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn. Ó yọ káàdì tó bàjẹ́, ó fi tuntun sí i, ó ní kí wọ́n dá wáyà rẹ̀ padà sínú súwíìṣì, ó tàn án. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tó fi ránṣẹ́ ní Mọ́ńdè sì balẹ̀ gbì sójú rẹ̀. Ọ̀gá kà á lórí ìdúró. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan lórí àtẹ̀gùn.

Ìyá Wáyà tètè relé lọ́jọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, bàbá rẹ̀ ló bá lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ bàtà tó máa ń wọ̀ jáde, báàgì kan tó dì pinpin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìgò oògùn ojú sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Mo ní kò yẹ kí n dá ọ dúró,” ni bàbá wí. “Bó bá jẹ́ òdìkejì odò náà ni, a jọ ń lọ ni. O lè kán an fún mi nínú ọkọ̀ ojú omi.”

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu Ìyá Wáyà di ẹkún. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà bàbá rẹ̀.

“Ẹ tú ẹrù yín, Bàbá,” ló wí. “Ọ̀gá ló ń lọ.”